Ìmọ́lẹ̀ Ojú Pópó ní Ìkòríta Ọ̀rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, òun ni ó dá Ifá fún "Ìwọ ta nì yẹn?" Ẹni tí ó bá ti dé ìkòríta Ọ̀rẹ̀ lóru rí yóò mọ̀ pé òwe náà kò tí ì gbó. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà tí ó lọ sí ìlú Òǹdó àti èyí tí ó lọ sí Òkìtìpupa. Tírélà àti bọ́ọ̀sì ńláńlá ń kọjá tọ̀sán-tòru, àwọn ìyá tí ń ta búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran ìgbẹ́ sì ń dúró dè wọ́n létí títì. Àtùpà kékeré tí ìyá kan gbé ka orí àtẹ ń fi ọjà rẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyá náà han awakọ̀ tí ń sáré bọ̀.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ni mo ti wá. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé mi dé ìdí kókó yìí. Orúkọ kan ṣoṣo, iná, ni Yorùbá fún ohun tí ń jó àti ohun tí ń tàn. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tí a mọ̀ ni ó ní láti gbóná gan-an kí ó tó tàn: òwú inú fìtílà àti wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù àtijọ́. LED ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òun náà ń gbóná ní ìdí, ṣùgbọ́n ooru kọ́ ni ó bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ègé kékeré kan tí kò tó hóró ẹ̀wà ni ó wà nínú rẹ̀, tí a fi ìpele méjì ṣe. Electron pọ̀ lápọ̀jù nínú ọ̀kan. Àyè òfìfo wà fún wọn nínú èkejì. Bí iná mànàmáná bá ti electron kọjá ààlà, tí ó sì bọ́ sínú àyè òfìfo, agbára tí ó jù sílẹ̀ yóò jáde bí ìmọ́lẹ̀. Nick Holonyak ṣe èyí tí ń tàn pupa ní Amẹ́ríkà ní 1962. Búlúù ni ó ṣòro, láìsí búlúù kò sì sí funfun, nítorí pé ẹbu kan ni a fi ń bo búlúù tí yóò yí apá kan rẹ̀ sí àwọ̀ ìyeyè, ojú wa yóò sì pa méjèèjì pọ̀. Àwọn mẹ́ta tí ó yanjú rẹ̀, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Òru wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wákàtí 12. Gílóòbù sodium oníwáàtì 250 yóò jẹ yúníìtì 3 kí ilẹ̀ tó mọ́. LED oníwáàtì 100 lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé orí títì ni ó ń da ìmọ́lẹ̀ sí, kì í fọ́n ọn sí ojú ọ̀run, yúníìtì 1.2 péré ni yóò jẹ. Bí òpó bá jẹ́ 100, a ti fi yúníìtì 180 pamọ́ lóru ọjọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ó ń tan wọ́n, tí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń mú bí yúníìtì 3 wá, lítà 60 nìyẹn, lálaalẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dísẹ́ẹ̀lì lóde òní, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Irú èrè yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń wá ní 2018, nígbà tí ó bá ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe àdéhùn láti fi LED rọ́pò gílóòbù àwọn títì ńlá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti Ọ̀rẹ̀ tún ní ìkorò tirẹ̀. Ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, tí kò jìnnà síbẹ̀, a ṣí ilé-iṣẹ́ tí ń fi gáàsì pèsè iná ní 2007, mẹ́gáwáàtì 335 ni agbára rẹ̀. A sì kọ́ òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ tì í. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Òǹdó lo ju ọdún mẹ́wàá lọ nínú òkùnkùn. Wáyà ńlá ń gbé iná kọjá lórí ilé àti oko wọn lọ sí ibòmíràn. Òfin iná mànàmáná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iná tirẹ̀, ní 2024 ni a sì fa ìṣàkóso náà lé ìpínlẹ̀ Òǹdó lọ́wọ́ láti Àbújá. Àṣẹ kò tí ì di ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé LED kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì kékeré àti sólà lè gbé e, òpó kọ̀ọ̀kan a sì dá dúró láìgbára lé wáyà ẹnikẹ́ni.

Níbí ni mo ti ń ṣọ́ra. Mo mọ ìlú kan tí a ri òpó sólà sí tìlù-tìfọn. Ọdún kejì kò pé tí wọ́n fi di ibi tí ẹyẹ ń bà lé. LED kò kú. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú ni ooru pa nínú àpótí tí kò ní ihò atẹ́gùn, eruku ọyẹ́ bo sólà, kò sì sí ẹni tí a yan iṣẹ́ àkàbà àti àkísà fún. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà gbani nímọ̀ràn pé kí iná ojú pópó má kọjá 3000 kelvin, nítorí pé èyí tí búlúù pọ̀ nínú rẹ̀ ń ta ojú awakọ̀, ó sì ń da oorun rú. Ó tún ń fa kòkòrò ju èyí tí ó rọ̀ lọ. Àwọn ọmọ tí ń gbé àwo omi sábẹ́ iná láti kó èsúnsún ní àkọ́rọ̀ òjò lè má fi ara mọ́ mi lórí èyí.

Bí a bá wá fẹ́ ṣe ìpàdé lórí iná Ọ̀rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a pe ìyá oníbúrẹ́dì náà sí i. Òun ni ó mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń gbá ènìyàn jù, òun ni yóò sì tọ́ka sí ibi tí a ó ri òpó àkọ́kọ́ sí.