Àwọn tí Aláúsá ń fọwọ́ sí kí ẹjọ́ ọ̀daràn tó ṣeé dá l'Ékòó

Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọkùnrin kan ní Alápẹ̀rẹ̀, téṣàn ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa sáré lọ, wọ́n á máa wá ẹni tó mọ DPO, ọ̀gá téṣàn náà. Kò burú, ṣùgbọ́n ọwọ́ DPO kọ́ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn ìdigunjalè tàbí ìpànìyàn, májísíréètì á ní kí wọ́n fi í pamọ́ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn DPP, olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba, á fi dé. Abẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ ni DPP wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Agbára Agbẹjọ́rò Àgbà yìí pọ̀. Abala 211 ìwé òfin 1999 ní ó lè pe ẹjọ́ ọ̀daràn, ó lè gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì lè fòpin sí i kí ìdájọ́ tó wáyé. Òun náà ni kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́: Gómìnà ló ń yàn án, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Aláúsá ló ń fọwọ́ sí i. Bí ilé bá sì dákẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, òfin ti kà á sí pé wọ́n gbà nìyẹn! Adájọ́ Àgbà náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Májísíréètì ní tiẹ̀ kì í dé iwájú aṣòfin: JSC, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀, ló ń gbà á síṣẹ́, òun ló sì ń lé e. Àmọ́ mẹ́rin nínú àwọn tó ń jókòó ní JSC, agbẹjọ́rò méjì àti méjì tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, kò lè wọlé bí ilé kò bá fọwọ́ sí wọn. Ti ọlọ́pàá kò kàn wọ́n rárá. Abuja ló ni ìyẹn.

Ṣé àwọn aṣòfin máa ń yẹ àwọn tí wọ́n ń fọwọ́ sí wò dáadáa? Ní Sẹ́nétì l'Abuja, àṣà "tẹríba kí o máa lọ" ti di bárakú: ẹni tó bá ti ṣe aṣòfin rí á tẹríba, á jáde, láìdáhùn ìbéèrè kan. L'Ékòó, ní oṣù Kẹjọ 2023, ilé kọ 17 nínú orúkọ 39 tí Gómìnà Sanwo-Olu fi ránṣẹ́ fún ipò kọmíṣọ́nnà. Eyín wà lẹ́nu wọn nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni, tí Akin Abayomi àti Gbenga Omotoso tí wọ́n kọ̀ sì padà di kọmíṣọ́nnà. Orí àwọn tó bọ́ síta ni gbogbo ariwo dá lé. Èmi ì bá fẹ́ kí á pariwo nípa ohun tí wọ́n bi àwọn tó wọlé.

Ní New York lọ́dún kan náà, àwọn Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ da ìbéèrè bo adájọ́ Hector LaSalle ní gbangba, wọ́n sì fi ìbò 39 sí 20 kọ̀ ọ́ ní Adájọ́ Àgbà. Ìdájọ́ tó ti dá sẹ́yìn ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Aṣòfin méjì ni Kòṣòfẹ́, níbi tí Alápẹ̀rẹ̀ wà, ní nínú 40 tó wà ní Aláúsá. Ẹ bi wọ́n: nígbà tí orúkọ bá tún dé, ṣé ẹ máa béèrè iye ẹni tó wà látìmọ́lé tí wọ́n ń retí ìmọ̀ràn DPP, àti bó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti ń retí rẹ̀?