Ẹ yọ àmì kúrò, ètò ṣì wà níbẹ̀

Ẹ̀sùn kan náà ló ń wọlé sí mi lemọ́lemọ́ lórí Buildroot, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ Linux fún àwọn ẹ̀rọ kékeré. Ẹnì kan yọ àmì Dropbear, ètò SSH, kúrò nínú menuconfig tí a ti ń yan ètò, torí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba SSH wọ ẹ̀rọ òun. Ó tẹ “make”, iṣẹ́ parí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kọ sdcard.img sórí káàdì, ó ki káàdì bọ Raspberry Pi. Bí ẹ̀rọ ṣe tàn, Dropbear jí. Ó ní Buildroot ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Ìwé ìlànà rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, àwa ni a kì í kà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òǹtẹ̀ tí “make” fi ń mọ iṣẹ́ tó ti parí. Ẹ wọ output/build, ẹ ṣí fódà ètò kan, kí ẹ tẹ “ls -a”. Ẹ ó rí .stamp_extracted, .stamp_configured, .stamp_built, .stamp_target_installed. Òfìfo ni àwọn fáìlì wọ̀nyí, àmọ́ àwọn ni “make” ń wò. Tó bá ti bá òǹtẹ̀ níbẹ̀, á kọjá lọ bí aṣọ́bodè tó rí èdìdì lẹ́nu àpò tí kò sì tú àpò wò.

Ti yíyọ tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú output/target kan náà ni gbogbo ètò ń da fáìlì wọn sí, ibẹ̀ la sì ti ń ṣe image tí a ń kọ sórí káàdì. Tí ẹ bá yọ àmì Dropbear, “make” ò ní pè é mọ́, ṣùgbọ́n etc/init.d/S50dropbear tó ti wà níbẹ̀ kò ní lọ síbì kan. “make dropbear-dirclean” tí àwọn kan ń júwe kò ràn án. Inú output/build nìyẹn ń gbá. Àwọn tó ṣe Buildroot mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kó má baà díjú.

“make clean” ni oògùn rẹ̀, kí ẹ tó wá tẹ “make”. Á pẹ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Fódà dl, tí ohun tí ẹ ti gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, kò ní parẹ́, dátà yín ò sì ní ṣòfò. Àmọ́ ẹ má ṣèèṣì tẹ “make distclean”: á pa .config rẹ́, á sì gbá dl mọ́ ọn.

Ìkìlọ̀ kan ló kù tó kánjú jù. Àwọn kan ń gbowó oníbàárà, wọ́n á sì da output/target sórí káàdì bó ṣe wà. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ THIS_IS_NOT_YOUR_ROOT_FILESYSTEM, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Kí ni wọ́n rò pé ó ń sọ? Root kọ́ ló ni àwọn fáìlì ibẹ̀, àṣẹ tó yẹ kí busybox ní kò sì sí lára rẹ̀. Wọn kì í yan pásíwọ́ọ̀dù fún root pẹ̀lú. Tí ẹ kò bá yàn án, Buildroot á fi í sílẹ̀ láìní ọ̀kan, ẹni tó bá ti so kíbọ́ọ̀dù mọ́ ẹ̀rọ náà ti di ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má san ìyókù owó fún ẹni tó gbé sdcard.img nìkan wá. Ẹ gba .config lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba gbogbo patch tó lò, kí ẹ sì bi í pé ẹ̀dà Buildroot wo ni. Láìsí wọn, ọjọ́ tí ihò bá yọ lára ètò kan, ẹlòmíràn ò ní lè bá yín dí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà lẹ ó sì máa padà sanwó sí.