Eléré Tí Ẹ̀dá Ìtàn Gba Orúkọ Mọ́ Lọ́wọ́

Ẹ dárúkọ tí òbí sọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà eléré wa ní Ọjà-Ọba n'Íbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Ẹ wá dárúkọ tó ń jẹ́ nínú eré, kíá ni aláta á ti máa sín ìrìn rẹ̀ jẹ. Ẹni tó ń ṣe babaláwo burúkú lórí tẹlifíṣọ̀n ti di babaláwo burúkú ní báńkì, ní mọ́ṣáláṣí, àní níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn kan ń wá a wálé pé kó bá àwọn ṣe àwúre. Obìnrin tó ń ṣe ìyá ọkọ òṣìkà kì í rí ẹ̀dínwó gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́ran; èébú ló ń gbà. Àwọn oníròyìn máa ń fi irú ìtàn báyìí pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni ọ̀rọ̀ owó fara pamọ́ sí.

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn onítíátà tí kò tíì tán. Àwọn tó kàwé nípa eré gbà pé ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo láti ọdún dé ọdún kò ṣe eré kankan, ara rẹ̀ ló kàn ń gbé kiri. Wọ́n ní òṣèré gidi ni ẹni tó lè jọba lónìí, kó jalè lọ́la, kó sì di wòlíì lọ́tùn-únla. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ó ti ń dùn-ún gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ibẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ti gba Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá ẹgbẹ́ alárìnjó, mọ́ra kó wá bá wọn gbé eré Ọ̀mùtí jáde ní 1963, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà lọ́wọ́ àwọn alárìnjó tí kò sí nínú ìwé tiwọn.

Kí ni ohun náà? Ẹ yọ orin sílẹ̀, ẹ yọ àwọn eré bí Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹgbẹ́ tó kù, ọ̀gá á kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ, á ní: ìwọ lo jí ọmọ gbé, ìwọ lo lọ́mọ, ẹ̀yin méjèèjì ẹ ó pàdé níwájú ọba. Ó parí. Ohun tí wọn yóò sọ síra wọn níwájú ọba, ọwọ́ wọn ló kù sí. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dá kan tó ti mọ́ ọn lára yóò dúró bí òpó. Ẹni tó bá ní in, ọ̀rọ̀ kò lè wọ́n ọn lẹ́nu, torí ó mọ ohun tí ẹni yẹn máa ń jẹ, ẹni tó máa ń bínú sí, bó ṣe ń jẹ gbèsè àti bó ṣe ń sá fún ẹni tó jẹ lówó.

Ní lọ́kéṣàn, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, irú iṣẹ́ yìí ṣì ń lọ títí dòní. Olùdarí á ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ nilẹ̀, àwọn ọmọ yìí fẹ́ tà á. Ẹ bá wọn jà." Bàbá kò ní béèrè ìwé. Ìbéèrè tó máa bi í ni pé, "Kí ni bàbá wọn jẹ́ sí mi?" àti pé, "Ṣé kí n ṣẹ́ èpè ni, àbí kí n kàn dẹ́rù bà wọ́n?" Tí kámẹ́rà bá ti ń yí, á kọ́kọ́ dákẹ́ títí ara ẹni tó ń wò ó kò fi ní gbà á. Á yí fìlà sẹ́yìn. Á ki bàbá àwọn ọmọ náà tó ti kú, á kì í dáadáa, kó tó wá bọ́ sórí ìhàlẹ̀. Bí ọfọ̀ bá wọ̀ ọ́, àwọn àgbà eléré fúnra wọn máa ń sọ pé àwọn á dá gbólóhùn kan sí nínú rẹ̀ kó má baà jẹ́. Ẹ gbà á gbọ́ o, ẹ má gbà á gbọ́ o, ọ̀rọ̀ ẹnu ìṣẹ́jú mẹ́rin ti jáde, ẹni tó kọ ìtàn kò sì mọ ìkankan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí fíìmù bá wá jáde, orúkọ olùkọ̀tàn á gba ojú àwòrán tán pátá. Orúkọ bàbá á wà nísàlẹ̀, láàárín àwọn tó tún kópa.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Ẹ̀dá tí kò yí padà yẹn gan-an ni ìwé eré. Ẹni tó fi ogún ọdún kọ ọ́ sí ara rẹ̀, tí a ń pè ní aláìlẹ́bùn nítorí pé kò kọ òmíràn, òun ni a kò sanwó òǹkọ̀wé fún.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, 1959, àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó yìí ni ilé iṣẹ́ náà sá tọ̀. Ọ̀gá ló ń bọwọ́ lùwé, ọ̀gá ló ń gbowó, ọ̀gá ló ń pín in bó ṣe wù ú. Téèpù wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ eré ni wọ́n pa rẹ́ kí wọ́n lè gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìròyìn Atọ́ka tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn eré dé, fíìmù tẹ̀lé e láti orí Àjàní Ògún ní 1976, fídíò sì dé bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń parí lọ.

Ìjà tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹni tó bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ṣé ó lè mú orúkọ inú eré dání? Ọ̀gá á ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, èmi ni mo ra ṣòkòtò tó ń wọ̀ fún un." Ọmọ ẹgbẹ́ á ní, "Ṣòkòtò yín rèé, ẹnu mi ń kọ́?" Mi ò ní purọ́ pé ọ̀gá kò ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òun ló ń ra bọ́ọ̀sì, òun ló ń san owó gbọ̀ngàn ní ìlú tí òjò ti lé èrò sílé. Ọ̀gá aláwàdà tó lókìkí jù nígbà náà gbé fíìmù jáde ní 1982, àwọn olè dà á kọ sí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sin ín. Ṣùgbọ́n òun náà ní orúkọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti àwọn obìnrin tún ga jù. Ògúndé, ọ̀gá ẹgbẹ́ eré, fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀, àwọn ọ̀gá mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ má baà tú ká ni. Bóyá. Àmọ́ ta ni yóò bá ọkọ rẹ̀ dúnàádúrà owó iṣẹ́?

Ayé fídíò dé, a rò pé ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ọmọọṣẹ́ ń san owó wọlé, ó ń ru ẹrù kámẹ́rà títí ọjọ́ fríídọ̀mù. Láàárín àwọn tó ti gbòmìnira, àáró ló gbòde: wá ṣe fíìmù mi, èmi náà á wá ṣe tìrẹ. Ètò tó dára ni fún ẹni tó lágbára láti gbé fíìmù tirẹ̀ jáde. Àgbà tí kò ní owó fíìmù wá ń bá gbogbo ayé ro oko, kò sẹ́ni tó máa bá a ro tirẹ̀. Owó epo ọkọ̀ ni wọ́n ń fún un, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Bí àìsàn bá wá dé, wọ́n á gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, àwọn òṣèlú á gbé sọ̀wédowó ńlá onípátákó wá, ayàwòrán á tẹ̀lé wọn. Ẹgbẹ́ òṣèré á ṣèpàdé. Gbogbo wọn á máa pè é ní àgbà òṣèré, dúkìá ìran Yorùbá. Mo ti gbọ́ oyè náà tó, mi ò tíì rí i níbi tó ti san owó ilé ìwòsàn láìsí àwòrán.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 1988 dárúkọ eléré, èyí tuntun tí Ààrẹ bọwọ́ lù ní 2023 náà dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ní báyìí tí àwọn fíìmù àtijọ́ ti ń jáde lórí YouTube, tí ojú àgbà kan náà ni wọ́n fi ń pe èrò, ẹni tó ra fíìmù náà lọ́wọ́ ọ̀gá tàbí lọ́wọ́ ọmọ ọ̀gá ni owó ń wọlé fún. Àwọn ọmọ aláwàdà orí fóònù sì ń fi ohùn àti ìrìn rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́, wọ́n ń pè é ní ìbọ̀wọ̀fún. Àwọn olùgbéré-jáde ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún eléré ní ìwé àdéhùn lónìí. Iye ọjọ́ tí yóò lò wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀. Èyí tí mo rí nínú wọn kò ní ìlà kankan tó sọ ẹni tó ni orúkọ inú eré.