Nígbà Tí Ìpara Bá Gbòdì Lójú

Ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń rò sínú ike, tí kò lórúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, wọ́pọ̀ lọ́jà wa, kì í ṣe ìlú ńlá nìkan. Ẹni tó bá fi pa ojú, rorẹ́ rẹ̀ á gbẹ, ojú á máa dán, wọ́n á sì máa bi í pé kí ló ń lò. Bí ike bá tán, ojú á pọ́n, á máa yún, omi lásán á máa ta á. Á ní torí òun ò pa á mọ́ ni. Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì mú ọ̀ràn náà le nìyẹn.

Sítẹ́rọ́ọ̀dù ló sábà máa ń wà nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀, pàápàá clobetasol, oògùn líle tí dókítà máa ń kọ fún àrùn awọ. Ó máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ abẹ́ awọ sún kì, nítorí náà pípọ́n á lọ, wíwú á lọ. Bó bá pẹ́ lójú, awọ á fẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ tí oògùn ò sí mọ́, àwọn iṣan yẹn á ṣí, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ ibẹ̀, ojú á gbóná fòò. Bí wọ́n bá tún pa á, ara á tù ú fúngbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a yí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Hydroquinone, èròjà tó ń mú awọ bó, tiẹ̀ yàtọ̀: lọ́dún 1975 ni àwọn dókítà ní Gúúsù Áfíríkà ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó lò ó láti fi bóra, tí awọ orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wá dúdú bí aró. Dúdú yẹn kì í fẹ́ lọ.

Ọ̀nà kejì tí ìpara fi ń gbòdì ni kí ara fúnra rẹ̀ kọ nǹkan. Èèyàn lè ti fi pọ́dà kan para fún ọdún márùn-ún kí ara tó kọ̀ ọ́ lójijì. Látìgbà náà, díẹ̀ tó bá kàn án ti tó. Kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀, ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di ẹ̀bi ru ẹja tí wọ́n jẹ lánàá. Ibi tó ti wá tiẹ̀ lè má jẹ́ ojú: dáyì irun máa ń mú ìpénpéjú wú, ọ̀dà èékánná náà ń ṣe é, torí ọwọ́ kan náà la fi ń nu ojú.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ dá gbogbo ìpara ojú dúró, títí kan èyí tí ẹ rà láti fi wo èyí tó gbòdì. Omi lásán àti fasilíìnì tí kò lóòórùn ti tó. Ọsàn wẹ́wẹ́ ò sí níbẹ̀. Ọṣẹ dúdú náà kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó: ní Òkèlúsè àti agbègbè Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kòkó kò jìnnà sí wa, eérú èèpo kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, eérú ni yóò sì máa ta ojú tó ti bó. Ẹ fi gèlè tàbí agboòrùn bojú fún oòrùn.

Tí kì í bá ṣe sítẹ́rọ́ọ̀dù, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè tó kí ojú tó jiná. Tó bá jẹ́ òun ni, ó lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè burú sí i kó tó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi sítẹ́rọ́ọ̀dù para látòkè délẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, torí oògùn náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ mú ike náà dání, kódà bí kò lórúkọ. Bí ojú bá wú dí, tàbí tí èémí ò já gaara, ẹ má dúró di ọ̀la.

Nígbà tí ojú bá jiná, ẹ kọ́kọ́ fi ìpara tuntun pa inú ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹyọ kan ni kí ẹ máa dán wò lẹ́ẹ̀kan.