Kí Ọmọ Wa Tó Jókòó Níwájú Kámẹ́rà

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń wọ kíláàsì kejìlá, ẹ má rò pé fọ́tò senior di ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ jáde. Ní Houston wa níbí, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti ń yà á láti ìgbà ooru tó ṣáájú ọdún náà. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Mọ́mì fẹ́ aṣọ òkè àti gèlè, ọmọ fẹ́ jíǹsì. Dádì ní kó jókòó dáadáa, kó kọjú síwájú. Ọmọ ní, "Dádì, èyí ò jọ mí."

Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ní 1978, Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ lórí fọ́tò Yorùbá lẹ́yìn ìwádìí tó ṣe ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé bí àwọn àgbà wa ṣe ń ya fọ́tò: wọ́n á wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n á jókòó ṣinṣin, wọ́n á kọjú sí kámẹ́rà, wọ́n á gbé ọwọ́ lé itan. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń sọ ipò ènìyàn láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Fọ́tò senior ń béèrè nǹkan mìíràn: kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́ràn? Ìbéèrè méjèèjì ló dára. Nítorí náà, ẹ mú aṣọ méjì lọ. Òbí á yan ọ̀kan, ọmọ á yan ìkejì, ẹnikẹ́ni ò sì ní yọ ṣùtì sí ti ẹnì kejì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi sùúrù jókòó nínú aṣọ òkè yẹn. Màmá àgbà ní Ìbàdàn ló máa gbé e kọ́ ògiri pálọ̀.

Fọ́tò méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èyí tó máa wọ yearbook, onífọ́tò tí ilé ẹ̀kọ́ gbà síṣẹ́ ló sábà máa ń yà á. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Ìkejì, tí ẹ ó gba onífọ́tò fún fúnra yín, kì í ṣe dandan. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè: ṣé owó jíjókòó nìkan nìyí, àbí fọ́tò wà nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n ti ka owó orí ọjà, 8.25%, mọ́ ọn? Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, onífọ́tò ló sábà máa ń ni ẹ̀tọ́ lórí àwòrán, àfi tí ìwé bá sọ ohun mìíràn. Ẹ gba àṣẹ ní kíkọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ará ilé.

Bó bá jẹ́ ìta lẹ fẹ́, bóyá Hermann Park tàbí Waterwall nítòsí Galleria, ẹ béèrè bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ. Ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ mú omi dání. Àsìkò ìjì líle bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó di ìparí oṣù kọkànlá. Ẹ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí òjò bá dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì: ẹ má dán ìpara tuntun wò lọ́sẹ̀ náà, ẹ má tẹ irorẹ́. Ẹ di irun ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú. Irun tí a fà le jù máa ń já níwájú orí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2023, òfin CROWN Act ti Texas kò gbà kí ilé ẹ̀kọ́ fìyà jẹ ọmọ torí irun dídì tàbí dàda. Ṣùgbọ́n kò dárúkọ gígùn irun, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọkùnrin, ẹ ka òfin ilé ẹ̀kọ́ yín.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé. Kọ̀ǹpútà ni onífọ́tò fi ń tún àwòrán ṣe. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé kó mú irorẹ́ kúrò bí ọmọ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀. Ọmọ dúdú tó bá rí ara rẹ̀ nínú férémù, tó ti pọ́n ju bó ṣe rí lọ, á gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ: pé bí Ọlọ́run ṣe dá òun kò tó. Bí òbí bá wá sọ pé, "Èyí ló dára jù," ọgbẹ́ náà á jìn, kì í sì í ṣe irú èyí tí a ń fi báńdéèjì dì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jẹun, ẹ gbàdúrà, ẹ má sì bá ọmọ jà nínú ọkọ̀. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún, kámẹ́rà á mú un.