Ilé Onígi Tó Wà Ní Liverpool Street Tẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń wọ Elizabeth line láti Woolwich lọ sí Liverpool Street. Níbẹ̀, lójú títì Bishopsgate, ni Sir Paul Pindar kọ́ ilé sí ní nǹkan bí ọdún 1600. Oníṣòwò ni, nígbà tó yá, ó di aṣojú Ọba James Kìíní ní Istanbul.

Ní ilé alámọ̀ tiwa, ògiri ló ń gbé òrùlé. Ilé onígi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Òpó àti ìtí igi óákù ló ń gbé gbogbo ẹrù. Èèkàn igi ni wọ́n sábà fi ń so wọ́n pọ̀ nígbà náà. Ògiri kàn ń dí àlàfo ni. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé fi lè gba iwájú ilé Pindar, tó sì yọ sórí títì bí ikùn olówó!

Iná ńlá ọdún 1666 ò dé ibẹ̀. Lẹ́yìn iná náà, òfin ní kí wọ́n máa fi bíríkì tàbí òkúta kọ́lé láàrin ìlú. Ilé Pindar wá di ilé ọtí. Ní 1890, wọ́n wó o kí ibùdó ọkọ̀ ojú irin lè fẹ̀ sí i. Lójú tèmi, kò dáa. Ṣùgbọ́n igi tí a so ṣeé tú: wọ́n tú iwájú rẹ̀, ó ti wà ní Victoria and Albert Museum ní South Kensington. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé.