Ṣé O Mọ̀? Fínígà Òkè Àjà ní Modena

Ṣé o mọ̀ pé ní agbègbè Modena, lórílẹ̀-èdè Ítálì, òkè àjà ilé ni àwọn ẹbí kan ti ń ṣe fínígà? Bí o bá lọ kí wọn, àtẹ̀gùn ilé wọn ni wàá gùn.

Ṣé o mọ̀ pé omi èso àjàrà nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é? Wọ́n á sè é nínú ìkòkò tí kò ní ìdérí títí yóò fi ki, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú àgbá onígi.

Ṣé o mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé e sókè àjà? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru abẹ́ òrùlé á máa fa omi rẹ̀ gbẹ, á sì máa mú un kan. Nígbà òtútù, á sinmi, á tòrò. Àwọn àgbá náà kò dọ́gba: láti orí ńlá ni wọ́n ti tò wọ́n dé orí kékeré. Inú èyí tó kéré jù ni wọ́n ti ń bu díẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n á fi ti àgbá tó tẹ̀ lé e dí àlàfo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó tóbi jù, níbi tí omi àjàrà tuntun ti ń wọlé. Wọn kì í bu àgbá kan tán. Nílé tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí o tọ́ wò lónìí ní díẹ̀ nínú èyí tí bàbá àgbà wọn sè. Èyí ló wú mi lórí jù.

Ọdún 12 ló kéré jù tí fínígà yìí gbọ́dọ̀ lò nínú àgbá. Èyí tí wọ́n kọ “extravecchio” sí ti lo ọdún 25, ó kéré tán.

Ṣé o mọ̀ pé bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin, àwọn ẹbí kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àgbá tuntun fún un, tí yóò bá a lọ sílé ọkọ?

Giorgetto Giugiaro, tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ló ya ìgò fínígà yìí. Mìlílítà 100 péré ló ń gbà.

Ṣé o mọ̀ pé fínígà Modena tó kún ṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé, tí kò ní ọ̀rọ̀ “Tradizionale” tó wà lára ìgò ti òkè àjà, ní fínígà wáìnì nínú, ọjọ́ 60 sì tó fún un? Ó dára fún sàláàdì, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi wé ti òkè àjà.

Bí o bá dé Modena, wo ara ìgò dáadáa fún ọ̀rọ̀ yẹn. Pe ẹbí tí o fẹ́ lọ kí ṣáájú, nítorí ilé onílé ni. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba àlejò, wọ́n sì ń jẹ́ kí o tọ́ ọ wò. Jọ̀wọ́, ọwọ́ wọn ni kí o ti rà á.